Bí a ṣe ń yan ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò fún ìsinmi ní erékùṣù olóoru

Ìnṣọ́ránsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rà kẹ́yìn nínú gbogbo ohun tí ìsinmi gbà, èyí tí owó rẹ̀ bá sì kéré jù ni wọ́n ń mú. Tó bá jẹ́ ìlú ńlá lẹ ń lọ, ìyẹn lè má pa yín lára. Ti erékùṣù yàtọ̀, nítorí omi ló yí i ká. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán nílùú ńlá, mọ́tò ni wọ́n á fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán ní erékùṣù tí kò ní ju nọ́ọ̀sì méjì àti yàrá ìtọ́jú kan lọ, bàálù ló lè gbà, owó bàálù náà sì lè ju owó gbogbo ìsinmi lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ẹ wo máàpù kí ẹ tó wo iye owó

Ẹ wá erékùṣù tí ẹ ń lọ lórí máàpù, kí ẹ sì wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta. Ilé ìwòsàn wo ló súnmọ́ jù tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ? Kí ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni àbí bàálù? Ṣé ó ń rìn lóru? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ní Maldives, tó ní erékùṣù tó lé ní 1,000, tí àwọn ará ìlú sì ń gbé lórí nǹkan bí 200 nínú wọn, bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi kì í fò nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tí àyà bá ń dùn lágogo mẹ́wàá alẹ́ yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí kó dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn yìí ló máa sọ iye tí ẹ nílò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì, ọ̀tọ̀ ni owó ìtọ́jú, ọ̀tọ̀ ni owó gbígbé aláìsàn kúrò. Fún erékùṣù tó jìnnà, àwa kò ní mú ohun tó bá kéré sí 100,000 dọ́là fún ìtọ́jú àti 250,000 dọ́là fún gbígbé kúrò. Tí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ sábẹ́ iye kan ṣoṣo, ẹ rántí pé inú iye yẹn náà ni owó bàálù yóò ti jáde, èyí tó bá ṣẹ́kù ni iṣẹ́ abẹ máa rí.

Ẹ wá ka gbólóhùn tó wà lábẹ́ iye náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù sọ pé àwọn yóò gbé yín lọ sí “ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù tó lè tọ́jú yín”. Kò sọ pé ilé. Tó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ, ẹ wá èyí tó kọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn tí ẹ bá fúnra yín yàn. Owó rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Ẹ tún wo ẹni tó ń pinnu. Dókítà tiwọn ló sábà máa ń ní láti gbà pé ó pọn dandan, nítorí náà ẹ má fúnra yín háyà bàálù. Ẹni tó háyà rẹ̀ kó tó pè wọ́n lè rí i pé àpò òun lòun ti máa san án.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń dáhùn tọ̀sán-tòru wà lórí ìwé náà. Ẹ pè é kí ẹ tó san owó, kó sì jẹ́ lóru, ní òpin ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń fi orin dá yín lóhùn fún ìṣẹ́jú 20, ẹ ti mọ ohun tó ń dúró dè yín. Tí èèyàn bá gbé e, ẹ bi í pé: “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó fún ilé ìwòsàn tààrà, àbí èmi ni màá kọ́kọ́ san án kí ẹ tó dá a padà?” Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni kì í gba aláìsàn àjèjì wọlé láìrí owó sílẹ̀. Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bá fi ránṣẹ́ pé àwọn máa san ló ń ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀.

Alùpùpù àti òkun

Ẹni tó ń fi alùpùpù háyà létíkun kì í bèèrè ju owó rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni yóò bèèrè, nígbà tí ẹ bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé láísẹ́ǹsì tí ẹ gbà nílé fàyè gba alùpùpù? Ti mọ́tò nìkan kò tó. Níbi tí òfin bá ti béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé, ṣé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí apá ti alùpùpù nínú tiyín? Ṣé ẹ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, tẹ̀yin ti ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn? Ṣé ẹ ti mutí? Ẹ̀ńjìnnì náà ńkọ́? 125cc ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ṣe ààlà. Tí ọ̀kan péré bá já nínú wọn, wọ́n lè kọ̀ láti san ohunkóhun. (Ẹ má fi páásípọ́ọ̀tù yín dógò lọ́dọ̀ oníháyà o. Tí ìjà bá dé lórí ibi tó ha lára alùpùpù, ọwọ́ rẹ̀ ló máa wà.)

Lílúwẹ̀ẹ́ lójú omi pẹ̀lú awò àti ọ̀pá ìmí sábà máa ń wà nínú ìnṣọ́ránsì láìsanwó kún un. Tí ẹ bá fara pa lórí jet ski, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń gùn lójú omi bí alùpùpù, wọ́n lè san owó ìtọ́jú. Jet ski tí ẹ bà jẹ́, ẹrù yín ni.

Mímòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ ló gba àròjinlẹ̀. Ìwé náà máa ń sọ bí ẹ ṣe lè jìn tó, mítà 18 tàbí 30 ló wọ́pọ̀. Ìwé ẹ̀rí Open Water, èyí tí òmòòkùn máa ń kọ́kọ́ gbà, dúró ní mítà 18, Advanced tó tẹ̀ lé e dúró ní 30. Ẹni tó ní Advanced àmọ́ tó ra ìnṣọ́ránsì mítà 18, tó bá ti lọ sí mítà 25, ó ti jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí òmòòkùn bá yára gòkè jù, nitrogen tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń di ìfófò kéékèèké nínú ara. Yàrá onírin kan, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ́síjìn àti ìfúnpá afẹ́fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ni ó nílò, ọ̀pọ̀ erékùṣù ni kò sì ní. Ẹ wò ó bóyá ìwé náà dárúkọ ìtọ́jú inú yàrá yìí. Òkè ojú ọ̀run tí bàálù ń fò sí tún lè dá ìfófò yìí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àjọ Divers Alert Network fi ní kí òmòòkùn dúró ó kéré tán wákàtí 12 lẹ́yìn ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀kan, àti wákàtí 18 tó bá mòòkùn lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó wọ bàálù. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń mú ọjọ́ ìpadàbọ̀.

Ìjì àti ọkọ̀ tó já yín sílẹ̀

Ní Caribbean, àkókò ìjì líle ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ó ń parí lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá, oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá ló sì le jù. Ti Mauritius, Réunion àti Fiji jẹ́ oṣù Kọkànlá sí Kẹrin. Aruba, Bonaire àti Curaçao wà ní gúúsù gan-an, ìjì kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Gbàrà tí wọ́n bá ti sọ ìjì kan lórúkọ, ó ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìnṣọ́ránsì tí ẹ bá rà lẹ́yìn ìyẹn kò ní san nítorí ìjì yẹn. Ẹni tó ti rí èéfín lórí òrùlé rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ta ìnṣọ́ránsì iná fún. Ẹ rà á láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ẹ bá ti san owó àkọ́kọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ìbẹ̀rù ìjì kì í ṣe ìdí lójú wọn: àfi kí pápákọ̀ òfuurufú tì, tàbí kí ilé ìtura bàjẹ́ débi tí kò ṣeé gbé. Tí ẹ bá fẹ́ lè sọ pé ẹ ò lọ mọ́ láìsí àlàyé, irú rẹ̀ kan wà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, àmọ́ ìdá 50 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń dá padà, ẹ sì ní láti fagi lé ìrìn-àjò náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ó kéré tán wákàtí 48 kí ọjọ́ tó pé. Àfi ẹni tó ń lọ ní oṣù Kẹsàn-án ni a máa gbà níyànjú pé kó náwó sí i.

Ohun tó wọ́pọ̀ ju ìjì lọ ni ọkọ̀ tó já yín sílẹ̀. Ká ní ọkọ̀ ojú omi ìkẹyìn ń ṣí lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàálù tó yẹ kó balẹ̀ lágogo méjìlá ọ̀sán wá balẹ̀ lágogo márùn-ún. Ìwé tó ní ìdádúró gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́fà kò ní san ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ẹ ti sùn sí èbúté, owó yàrá alẹ́ kan sì ti ṣòfò ní erékùṣù. Ẹ wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta.

Ara yín, àti ìṣirò

Ẹ sọ gbogbo àìsàn tí ẹ ní. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń wo ẹ̀yìn fún ọjọ́ 60 sí 180, tí dókítà bá sì ti yí ìwọ̀n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín padà láàárín ìgbà yẹn, wọ́n lè ní àìsàn náà kò tíì fara balẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń tan ibà dengue, ojúmọmọ ló ń jẹni, àìsàn rẹ̀ sì máa ń yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ ilé ni yóò ti dá yín dùbúlẹ̀, nígbà tí ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò ti parí.

Iye tí kò ní padà sọ́wọ́ yín nìkan ni kí ẹ ṣe ìnṣọ́ránsì lé lórí. Yàrá 1,800 dọ́là, tí wọ́n máa dá 600 padà nínú rẹ̀, di 1,200, bàálù 1,100, ọkọ̀ ojú omi 160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,460. Ẹ wá wo owó tí wọ́n máa yọ kúrò kí wọ́n tó san tiyín. Tó bá jẹ́ 200 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ti pàdánù 800 nìyẹn.

Ní ti ẹrù, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: fóònù tí ẹ fi sílẹ̀ lórí iyanrìn kí ẹ tó wọ omi kì í ní owó. Báàgì tó sọnù lọ́wọ́ bàálù, ẹ gba ìwé ẹ̀sùn kí ẹ tó kúrò ní pápákọ̀. Èyí tí wọ́n jí, ẹ gba ti ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24.

Tí ìwé náà bá dé ímeèlì yín, ojú ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọn kì í san sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fún yín ní ọjọ́ 10 sí 14 láti dá a padà. Ẹ rí i pé orúkọ yín bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún ọjọ́ ìpadàbọ̀, torí ọkọ̀ ojú omi kì í ṣí nígbà tí òkun bá ru.