Ìpara tó ń pa àwọ̀ ara dà díẹ̀díẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ kí àwọ̀ ara òun ṣú díẹ̀ bíi ti ẹni tí oòrùn pa, láì sá ara sóòrùn rárá, ìpara tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni kó rà. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní DHA ló ń pa àwọ̀ dà, kì í sì í pọ̀ nínú irú èyí, nítorí náà àṣìṣe kì í hàn jù. Ẹ kọ́kọ́ fi kànìnkànìn ha ara dáadáa. Ní ìgúnpá, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, ìyókù tó wà lọ́wọ́ yín nìkan ni kẹ́ ẹ fi pa á, torí ibẹ̀ máa ń mu ún jù. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kíá! Àtẹ́lẹwọ́ tó bá pọ́n bí epo kì í tètè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ yẹn kì í dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn o.