Ẹ Má Fọwọ́ Síwèé Pé Ẹ Ti Jáwọ́: Ẹ̀sùn Ọlọ́pàá Ológun ní Kánádà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti wà nílé ní Ilésà. Lánàá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní Òkèsà. Inú rẹ̀ ń dùn, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti jáde, ó sì ní òun fẹ́ wọṣẹ́ ológun ní Kánádà. Kò parọ́. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ológun wọn fún àwọn tó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́, bí wọn ò tiẹ̀ tíì di ọmọ onílùú. Mo bá a yọ̀. Mo wá bi í pé, "Bí ọlọ́pàá ológun ibẹ̀ bá fojú rẹ rí màbo ńkọ́, ta lo máa sọ fún?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ta ní ń fẹjọ́ sójà sùn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni èmi náà gbé dání lọ sí Kánádà, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ mi kò kéré. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí fún ẹ̀yin ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, àti gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó rọrùn. Ọlọ́pàá ológun Kánádà a máa dé fìlà pupa. Kì í ṣe sójà nìkan ni wọ́n ń mú o. Tí ẹ bá ti wọ ilẹ̀ ológun, ìbáà ṣe ilẹ̀ lẹ lọ gbá, ìbáà ṣe oúnjẹ lẹ gbé lọ, ọwọ́ wọn tó yín. Ọ̀gá wọn pátápátá ni Provost Marshal. Àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò láti ìta ni Military Police Complaints Commission, ní Ottawa. Òfin ò gbà kí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ibẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Somalia sì wà lára ohun tó bí i: ní 1993, àwọn sójà Kánádà lu ọmọkùnrin ọdún 16 kan, Shidane Arone, pa nínú àgọ́ wọn níbẹ̀. Ojú ti gbogbo ìlú, wọ́n wádìí, wọ́n sì tún òfin ológun ṣe.

Ẹnikẹ́ni ló lè fẹjọ́ sùn, onílé àti àlejò. Kò tiẹ̀ pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ṣe é sí. Nígbà ogun Afghanistan, Amnesty International tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àti ẹgbẹ́ kan láti ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà, ló fẹjọ́ sùn nítorí àwọn ará Afghanistan tí wọ́n mú, tí wọ́n ń fà lé ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́. Àjọ náà gbọ́ ẹjọ́ yẹn ní gbangba, ìjábọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2012. Ẹ lè fẹnu sọ ọ́, ẹ lè kọ ọ́. Kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n á kọ̀wé sí yín pé ẹ̀sùn yín ti dé ọwọ́ àwọn. Provost Marshal ló kọ́kọ́ máa ń wádìí. Tí àbájáde rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí alága àjọ náà pé kó tún un yẹ̀ wò. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń pa èèyàn lára kò sí nínú ìgbésẹ̀.

Ilé ìdáná ni mo ń tọ́jú ní bárékè kan. Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, aago mọ́kànlá ti kọjá, mo ti ṣíwọ́, mo ń wakọ̀ jáde. Iná tàn lẹ́yìn mi. Ọlọ́pàá náà ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ìbọ̀wọ́ mi wà lórí àga, kò jẹ́ kí n mú un. Ó tú bàgì mi, ó tú ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kan mọ́ínmọ́ín mẹ́ta tí mo sè sínú ewé tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ilésà. Ó ní kí ni wọ́n dì sínú ewé yìí. Mo ní ẹ̀wà ni, sà. Ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jù wọ́n sílẹ̀. Yìnyín funfun báláú, mọ́ínmọ́ín pupa fọ́n ká sórí rẹ̀, ẹyin inú ọ̀kan yí lọ sábẹ́ táyà. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró. Kò rí nǹkan kan. Kò sọ pé kí n má bínú. Nígbà tó lọ tán, mo fi ìka tó ti kú ya fọ́tò ilẹ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tó sún mi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, iléeṣẹ́ tó gbà mí ní kí n dá káàdì ìwọlé padà.

Oṣù márùn-ún ni mo fi kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tèmi. Ẹ gbọ́ o: àwọn RCMP, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Kánádà, ní àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tiwọn, ọlọ́pàá ìlú ní tiwọn, Ombudsman, ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn ilé iṣẹ́ ààbò, náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ọlọ́pàá ológun nínú wọn. Ẹ wo aṣọ ẹni tó dá yín dúró, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó gbé ìwé lọ síbikíbi. Ọdún kan péré lẹ ní láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìkan ni àjọ yìí sì ń gbọ́. Tó bá jẹ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì ló dá ìjà sílẹ̀, kò sí ní ọwọ́ wọn.

Nínú oṣù Kẹfà ni mo tó dé ibi tó yẹ. Nínú oṣù Kẹsàn-án, olùwádìí pè mí, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní tí mo bá ní fọ́tò tàbí ẹlẹ́rìí kí n fi ránṣẹ́. Ìpè yẹn ló yẹ kó fún mi lókun. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde nígbà yẹn.

Mo bá sáré tọ ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó máa ń fi Ìjẹ̀ṣà kí mi. Ó lanu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n da ìwé yín nù ni? Orúkọ yín ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba nìyẹn." Ó gba ẹgbẹ̀ta dọ́là lọ́wọ́ mi. Ó kọ ìwé ìlà mẹ́ta, ó ní ìwé tó máa fọ orúkọ mi mọ́ ni. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò kà á dáadáa. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé èmi, lágbájá, mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀sùn mi.

Ẹ dákun, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Òfin yẹn kan náà tó dá àjọ yìí sílẹ̀ sọ pé a ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó fẹjọ́ sùn, tó bá ti jẹ́ pé òótọ́ inú ló fi sùn ún. Ó wà níbẹ̀! Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń ka owó fún ọkùnrin yẹn. Ìwé ìgbélùú mi jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Ìgbà tí mo wá mọ̀, ọdún ti yí kọjá. Alága lè fún èèyàn láyè lẹ́yìn ọdún tó bá rí i pé ó tọ́, ṣùgbọ́n mi ò kọ̀wé béèrè, ojú ń tì mí. Ẹ̀yin, tí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ kọ ọ́! Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín bíi tèmi.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Ó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tà á láwìn, tí oṣù bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́, kò ní dìde títí owó á fi pé. Kò sí ẹni tó lè fún un ní ìwé pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbèsè ti tán nígbà tí kò tíì gba kọ́bọ̀. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ irú ìwé yẹn, mo tún sanwó lé e.

Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sá fún un, kódà tó bá ń jọ́sìn pẹ̀lú yín. Ìwé èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá, ẹ ní kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má sì retí owó: àjọ náà kì í san owó gbà-má-bínú fún ẹnikẹ́ni. Àbá ló ń dá, wọ́n sì lè má gbà á, àmọ́ Provost Marshal ní láti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ tí kò bá tẹ̀ lé e. Ìdí yẹn ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin kan dúró nínú yìnyín fún ogójì ìṣẹ́jú, pé ẹ̀wà ló wà nínú ewé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní tí òun náà bá di ọlọ́pàá ológun tí ọ̀gá kan ní kí òun pa ìwádìí tì ńkọ́? Mo ní ẹ̀sùn tìyẹn wà lọ́tọ̀: ọlọ́pàá ológun fúnra rẹ̀ lè fi ẹni tó ń dí i lọ́wọ́ sun àjọ yìí kan náà. Ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Mo ní kó tún un kọ sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà mo fi fọ́tò yẹn hàn án. Ó ṣì wà nínú fóònù mi, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago lórí rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi hàn.