Bí mo ṣe tún ilẹ̀kùn ìrókò àtijọ́ ṣe láìra tuntun

Ilẹ̀kùn alápá méjì ni, ẹsẹ̀ bàtà 7 ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀ bí a bá pa apá méjèèjì dé. Ẹnu ọ̀nà ilé alájà àtijọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wà. Ọ̀dà ti gun orí ọ̀dà títí ó fi dí gbogbo ojú iṣẹ́ tí káfíńtà àkọ́kọ́ fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ sí i. Ìsàlẹ̀ ti dúdú, pákó àárín kan ti là láti òkè dé ìdajì, apá ọ̀tún sì ń ha ilẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láti títì á ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gbé onírin sí i. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrókò tó nípọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 2, tó ti gbẹ láti ọdúnmọ́dún, ṣòro láti rí ní sọ́mìlì lónìí, kódà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí iṣẹ́ igi ti gbòòrò. Èyí tí wọ́n bá tà fún yín ní tútù á lọ́ kó tó pé ọdún. Ohun tó sì bàjẹ́ lára ilẹ̀kùn yìí kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Oṣù Èrèlé ni mo bẹ̀rẹ̀. Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Ní fífẹ̀ ló ń wú, kì í ṣe ní gígùn. Ẹni tó bá fági sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nínú oṣù Agẹmọ torí pé ó ń há, á rí i nínú oṣù Ọ̀pẹ pé àlàfo ibẹ̀ ti gba ìka. Ọ̀rọ̀ Iléyá tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2024 àti 2025, oṣù Òkúdù ló bọ́ sí, ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni ọ̀pọ̀ onílé ń ránṣẹ́ pe pẹ́ńtà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ lórí igi. Ọ̀dà tí a bá kùn lé igi tó mumi á ru ìléròrò bí oòrùn bá ti kàn án.

Kí n tó tú ohunkóhun, mo fi ìdí sukudíráfà kan gbogbo ara ilẹ̀kùn. Igi tó yè máa ń dún gbọnyingbọnyin. Ibi tí ikán tàbí omi ti jẹ inú rẹ̀ á dún bí igbá tó ṣófo. Níbi tí ohùn bá ti yí padà, mo fi ìṣó gún un. Bí ìṣó bá wọlé ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ pẹ̀lú agbára ọwọ́ lásán, gígé ni ibẹ̀ ń fẹ́. Mo rí ibi mẹ́ta: ìsàlẹ̀ apá méjèèjì, àti ẹsẹ̀ òpó férémù lápá òsì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí. Nígbà tí mo yọ ilẹ̀kùn sílẹ̀ tán, mo kán omi sí ojú rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti ṣí. Omi náà dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, ó pẹ́ kó tó tàn. Mo wá kán òmíràn sí ìdí rẹ̀, níbi tí ayùn ti gé igi ní ìdábùú. Mi ò tíì ka ẹ̀ẹ́dógún tí igi fi gbé e mì. Àwọn iṣan igi dà bí òpó koríko tó ní ihò láàárín, ìdí ilẹ̀kùn sì ni ẹnu gbogbo wọn ṣí sí. Ọ̀dà tó gun orí ara wọn ní iwájú yìí kò dé ìdí rẹ̀ rí, torí pé pẹ́ńtà kì í yọ ilẹ̀kùn kó tó kùn ún. Ibẹ̀ ni ìjẹrà ti wọlé.

Apá kọ̀ọ̀kan wúwo ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì lọ, nítorí náà ènìyàn méjì ló ń yọ ọ́. Ẹ fi ègé igi tì í nísàlẹ̀, ẹ tú híńjì ìsàlẹ̀ kọ́kọ́, kí ti òkè gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá tú ti òkè ṣáájú, ìwúwo ilẹ̀kùn á fa ti ìsàlẹ̀ ya pẹ̀lú igi lára. Ọ̀dà ti dí ojú súkúrù pa. Mo fi àfọ́kù abẹ ayùn irin ha á jáde, mo kán kẹrosíìnì sí i di ọjọ́ kejì, mo wá fi òòlù lu ìdí sukudíráfà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó lọ́ ọ. Lílù yẹn ló ń já ìpẹtà. Súkúrù méjì péré ló kọ̀, mo sì gé orí wọn kúrò.

Ọ̀dà ayé àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì ṣe dáná sun ún. Mo tẹ́ ọ̀rá ńlá sílẹ̀, mo ń wọ́n omi sí ojú iṣẹ́, mo ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí àwọn pẹ́ńtà fi ń ha ògiri ṣí i, gbogbo èérún rẹ̀ sì bọ́ sínú ọ̀rá. Mo fi aṣọ bo imú. Eruku ìrókò fúnra rẹ̀ a máa mú ni sín, a sì máa yún ara. Níbi tí ọ̀dà ti di igi mú dáadáa, mi ò bọ́ ọ dé igi. Mo kàn fi sáńpépà 120 àti omi pa dídán rẹ̀ kí ọ̀dà tuntun lè rí ibi dì mú. Ẹ má dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ní kí ẹ da kọ́sítíìkì sódà sí i. Lóòótọ́, ó ń bọ́ ọ̀dà kíá, ṣùgbọ́n á sọ ìrókò di dúdú, èyí tó bá sì kù sínú igi á máa ti ọ̀dà tuntun dànù. Ní kọ̀rọ̀ àwọn iṣẹ́ ọnà tí sáńpépà kò lè ká sí, ewé ìpín ni mo lò, èyí tí àwọn agbẹ́gilére ti ń lò kí sáńpépà tó dé. Ewé rẹ̀ tútù ń tẹ̀ bá kọ̀rọ̀, kì í sì í gé etí iṣẹ́.

Mo fi ayùn gé ìsàlẹ̀ tó jẹrà kúrò, íǹṣì 4 sókè. Mi ò gé e ní ìdábùú lásán. Mo dá a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí iwájú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ láti òkè má bàa rí ojú oríkèé wọ̀. Àlòkù ìrókò tí wọ́n yọ lára fèrèsé àtijọ́ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìrókò pẹ̀lú ìrókò ló ń wú pọ̀. Bí ẹ bá fi igi ọmọ tàbí igi àfàrà lẹ̀ ẹ́, oríkèé á ṣí. Ẹ ṣọ́ra fún òkúta inú ìrókò, nǹkan funfun líle tó máa ń dì sínú igi náà. Eyín ayùn mi kàn án lẹ́ẹ̀kan, mo sì ní láti pọ́n ọn tuntun.

Kí ẹ tó fi gúlù sí ìrókò, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú tínnà nu ojú rẹ̀, torí pé ó ní oje kan tí kì í jẹ́ kí gúlù dì dáadáa. Gúlù funfun tí káfíńtà ń lò nínú ilé kò yẹ fún ibi tí òjò ń kàn, omi ń tú u. Gúlù olótúùbù méjì ni mo lò, mo sì fi okùn yí ilẹ̀kùn po, mo ki igi bọ okùn náà, mo lọ́ ọ títí ó fi le dan-in dan-in, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Okùn yìí gba iṣẹ́ kíláǹpù tí mi ò ní láti rà.

Pákó tó là yẹn gbà mí lákòókò jù. Pákó àárín ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ ní ìṣó tàbí gúlù ní etí rẹ̀. Inú ihò tóóró ló jókòó sí, kó lè máa wú kó sì máa sún kì bó ṣe wù ú. Ẹnì kan ti fi ìṣó kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi òró torí pé ó ń mì. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó fẹ́ sún kì, kò rọ́nà, ó wá là láàárín. Mo yọ ìṣó mẹ́jọ kúrò, ìdajì méjèèjì sì ń rìn padà. Mo fi páálí tín-ín-rín ti gúlù bọ inú ibi tó là, mo fi súkúrù de ègé igi kékeré kan mọ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan, mo so okùn mọ́ wọn, mo sì lọ́ okùn náà títí ẹnu wọn fi pàdé. Ihò súkúrù ni mo dí tó kẹ́yìn.

Fún ihò wẹ́wẹ́ àti ibi tí ikán ti họ, mo kọ́kọ́ kun Solignum, oògùn tó ń dáàbò bo igi, ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Mo wá ra fílà tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe ń lò. Ìwọ̀n 100 fílà, ìwọ̀n 2 ti túùbù kékeré tó ń mú un le. Bí ẹ bá fi túùbù yẹn pọ̀ jù, á le mọ́ ọ̀bẹ yín lọ́wọ́, á sì sán nígbà tó bá yá. Ẹ pò ó díẹ̀díẹ̀, bí ìwọ̀n ẹyin kan. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n ń fi gúlù funfun pò kò burú nínú ilé, ṣùgbọ́n ó ń sún kì, omi sì ń tú u.

Ọ̀dà wá kù. Àwọn kan á ní kí ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi fáníìṣì dídán kùn ún kí igi lè hàn. Ó rẹwà fún ọdún kan. Oòrùn ń ré fáníìṣì kọjá lọ bá igi lábẹ́ rẹ̀, á jẹ ojú igi, fáníìṣì á sì máa ṣí bí awọ ejò. Ọ̀dà ní àwọ̀ tó ń dá oòrùn dúró. Apá méjèèjì, tiwájú tẹ̀yìn, pẹ̀lú etí wọn, jẹ́ nǹkan bí mítà 6 níbùú lóròó. Lítà kan ọ̀dà olóróró ń kun bíi mítà 12, nítorí náà lítà kan gílọ́ọ̀sì tó fún ìkùn méjì, ìdajì lítà ọ́ńdákóòtì sì tó fún ìkùn àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta gálọ́ọ̀nù fún yín.

Mo tún fi tínnà nu gbogbo ibi tí igi ti ṣí sílẹ̀. Oje ìrókò yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ; ẹni tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó ṣe é nìyẹn. Ìdí ilẹ̀kùn àti orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí n tó fọwọ́ kan iwájú. Lẹ́yìn náà, pákó àárín àti iṣẹ́ ọnà rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì íǹṣì 1, igi ìdábùú pẹ̀lú ti íǹṣì 2, igi òró ló kẹ́yìn. Láàárín ìkùn kan àti èkejì, ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ sì fi sáńpépà 220 pa á fẹ́rẹ́. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku jókòó. Ẹ má kùn ún lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìrì alẹ́ á pa dídán rẹ̀. Àwọ̀ osùn ni mo fi kun ilẹ̀kùn, mo sì kun férémù àti àtẹ́rígbà ní funfun tó pọ́n díẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọ̀ méjèèjì yìí ló gbé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ jáde láti títì, kò sì ná ju àjẹkù ọ̀dà yàrá lọ.

Fún òrùka ìkanlẹ̀kùn àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ fi òòfà kàn án. Bí òòfà bá gbá a mú, irin tí wọ́n fi idẹ bò ni, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ bọ́ ọ, ìbòrí rẹ̀ á ṣí. Tèmi kò gbá òòfà mú. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, ṣíbí iyọ̀ kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fi aṣọ nù ún, mo ṣan án, mo nù ún gbẹ. Idẹ gidi ni. Ìrísí ilé náà yí padà látara òrùka yẹn nìkan.

Híńjì tuntun íǹṣì 4 mẹ́ta fún apá kọ̀ọ̀kan ni ibi tí mi ò ti ṣahun. Níbi tí ihò súkúrù ti gbòòrò, mo ki igi ìṣáná mẹ́ta pẹ̀lú gúlù bọ̀ ọ́, mo gé e, mo dé súkúrù lé e. Lára híńjì òkè, mo lo súkúrù íǹṣì 2 àti ààbọ̀ kan tó wọ inú òpó lọ, torí pé òkè ni ìwúwo ń fà. Ìnípọn ìṣó íǹṣì 2 ni mo fi ṣe ìwọ̀n àlàfo ẹ̀gbẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni pákó adarí-omi, ìrókò íǹṣì 3 tí mo kàn mọ́ ìsàlẹ̀ níwájú. Mo dá orí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi ṣàn dànù, mo sì fi ayùn fa ihò tóóró kan sí abẹ́ rẹ̀ láti òpin dé òpin, ìdajì íǹṣì sí etí iwájú. Omi a máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ igi, a sì máa rìn wọlé. Tó bá dé ihò yẹn, á já bọ́ sílẹ̀. Ẹ gé pákó náà kù díẹ̀ lápá híńjì, kó má bàa gbé férémù nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń ṣí. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kan ọ̀já rọ́bà tí mo gé lára túúbù táyà tó ti bẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ íǹṣì 2, tí etí rẹ̀ kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́. Lọ́dọ̀ fọkanáísà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún mi. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Igun kan ṣoṣo ló tutù, lápá òsì, níbi tí rọ́bà ti kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi ìbú ìka méjì kún un.