Bí ológun tó farapa àti opó rẹ̀ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ owó-orí ilé ní Texas

Láti oṣù kẹwàá ni bíìlì owó-orí ilé ti ń wọlé ní Texas, wọ́n sì fẹ́ gba owó wọn kí oṣù kìíní tó parí. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston àti Dallas tó ti ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Àwọn kan bá ètò MAVNI wọlé nígbà tó ṣì wà, ètò tí ológun fi ń gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tó sì ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè tí wọ́n ń wá. Àwọn kan farapa, síbẹ̀ wọ́n ń san owó tí òfin ní kí wọ́n má san. Ó ń dùn mí gan-an, torí ẹni tó bá béèrè nìkan ni wọ́n ń fún.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n ìfarapa tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ológun tẹ́lẹ̀, kọ fún yín. Bó bá jẹ́ 100%, tàbí tí VA ti ní ìfarapa yín kò jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n sì ń san owó ẹni 100% fún yín, ẹ kò ní san owó-orí kankan lórí ilé tí ẹ ń gbé. Láti 10 sí 29%, $5,000 ni wọ́n ń yọ. 30 sí 49%, $7,500. 50 sí 69%, $10,000. Láti 70% lọ sókè, $12,000. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dín ní 10%, $12,000 ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n inú iye tí wọ́n dá lé ilé ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe inú bíìlì, nítorí náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 100%. Ẹni tó wà ní 90% tí àìsàn rẹ̀ sì ti le sí i, VA ni kó kọ́kọ́ padà sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ VA.gov, kí ẹ tẹ lẹ́tà tó fi ìwọ̀n yín hàn jáde. Fọ́ọ̀mù 50-114 ni ti ẹni 100%, 50-135 ni ti àwọn tó kù. Appraisal District káúńtì yín, ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé, ni ẹ ó gbé e lọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba owó-orí. Ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù 50-114, àdírẹ́sì orí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ bá ti ilé mu. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá kọ lẹ́tà pé òun á bá yín ṣe é. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni gbèdéke, àmọ́ bí ẹ bá pẹ́, òfin ṣì fún yín ní ọdún 5 lẹ́yìn ọjọ́ tí owó ọdún náà ti di gbèsè, wọ́n á sì dá èyí tí ẹ ti san padà.

Opó ló jẹ mí lógún jù. Màmá kan ní Houston rò pé àǹfààní náà bá ọkọ òun wọ sàréè, ló bá ń tu owó jọ san án. Inú Bíbélì bàbá náà la ti rí lẹ́tà VA rẹ̀, tí wọ́n ká sí mẹ́rin, 100% hàn kedere nínú rẹ̀. Tí ọkọ tàbí aya yín bá wà ní 100% nígbà tó kú, tí ilé náà jẹ́ ibùgbé yín nígbà náà tó sì ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ kò ní san. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ti ikú kún lẹ́tà náà, kí ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù lórúkọ ara yín. Bí ẹ bá kó lọ sí ilé mìíràn ní Texas, iye tí wọ́n yọ fún yín lórí ilé àkọ́kọ́ lè bá yín lọ. Opó ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ológun náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, láìka ìwọ̀n VA sí.

Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ pe báńkì tó yá yín lówó ilé lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n máa ń pa owó-orí pọ̀ mọ́ owó oṣooṣù, èyí tí wọ́n ń pè ní escrow, wọn kì í sì í yọ ọ́ kúrò fúnra wọn kíákíá. Ẹ fi ìwé Appraisal District ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ ní kí wọ́n tún ìṣirò escrow yín ṣe.