Jíjọ kò sọ wọ́n di ẹbí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìwádìí àwọn èdè Finno-Ugric

Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Fínlándì, ọ̀kan nínú ẹbí èdè Finno-Ugric tí Ẹstóníà àti Họ́ńgárì náà wà nínú rẹ̀, kì í pẹ́ kó tó pariwo pé òun ti rí ìyekan. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, "hän" ni wọ́n ń pe ẹni náà, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ó" láìbèèrè akọ tàbí abo. Fáwẹ̀lì wọn ń ṣe àǹkóò: "talossa" ni nínú ilé, ṣùgbọ́n "metsässä" ni nínú igbó, nítorí a àti ä kì í jọ gbé inú ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe àkànpọ̀. Ẹni tó bá ti kíyè sí i pé e àti ẹ ń sá fún ara wọn nínú "ewé" àti "ẹsẹ̀" yóò rò pé ilé lòun dé.

Ẹ rọra. Èdè Tọ́kì náà ní àǹkóò fáwẹ̀lì, òun náà kò ya "ó" ọkùnrin sọ́tọ̀ sí ti obìnrin. Irú ìjọra bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ kó àwọn èdè Ural (Finno-Ugric àti àwọn ìbátan rẹ̀) àti Altai (Tọ́kì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀) sí abẹ́ òrùlé kan tí wọ́n pè ní Ural-Altaic. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti tú òrùlé náà ká.

Ibi tí ẹbí ti ń hàn ni ìyàtọ̀ tó ń tẹ̀lé òfin. Ẹja ni "kala" ní Fínlándì, "hal" ni ní Họ́ńgárì. Mẹ́ta ni "kolme", "három" ni lọ́hùn-ún. Òṣùpá ni "kuu", ẹ ó sì rí "hó" nínú "hónap", ìyẹn oṣù. K di h. Àmọ́ ọwọ́ ni "käsi" àti "kéz", òkúta ni "kivi" àti "kő", k kò sì yí padà. Kí ló fà á? Fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ni: iwájú ẹnu ni a ti ń pe ti ọwọ́ àti òkúta, ẹ̀yìn ẹnu ni a ti ń pe ti ẹja àti mẹ́ta. P náà di f: igi ni "puu" àti "fa", orí ni "pää" àti "fej". Ẹni tó kó ogún ọ̀rọ̀ tó jọra jọ láì rí irú òfin báyìí kò tíì mú ẹ̀rí kankan wá.

Kódà láàárín Fínlándì àti Ẹstóníà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ojú lásán ń tanni. "Hallitus" ni ìjọba ní Fínlándì. Ní Ẹstóníà, ohun tó máa ń hù lórí búrẹ́dì tó bá bu ni. "Pulma" ni ìṣòro ní Fínlándì, "pulmad" ni ìgbéyàwó ní Ẹstóníà. (Àwọn tó ti ṣègbéyàwó ni kó sọ èyí tó tọ̀nà.)

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹbí àti ẹ̀yà ara kì í ṣe ohun àyálò. "Äiti", ìyá gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ará Germanic (ẹbí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì) ni Fínlándì ti yá a. "Hammas", eyín, ọ̀dọ̀ àwọn ará Baltic (ẹbí Lithuania àti Latvia) ló ti wá. Họ́ńgárì yá "alma", ápù, àti "árpa", ọkà báálì, lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ èdè Turkic, ẹbí Tọ́kì. Bí àyálò bá ń sọni di ẹbí, àdúrà àti àlàáfíà ì bá ti sọ àwa náà di Lárúbáwá, ó sì kúkú ní àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kí èèyàn fi ìgbéraga yan ìbátan. Lọ́dún 1769, János Sajnovics, àlùfáà ará Họ́ńgárì, bá Maximilian Hell, onímọ̀ ìràwọ̀, lọ sí Vardø, ní ìpẹ̀kun àríwá Nọ́wè, láti wo bí ìràwọ̀ Venus ṣe máa gba iwájú oòrùn kọjá. Níbẹ̀ ló ti fetí sí èdè àwọn Sámi, ọmọ ìbílẹ̀ àríwá Yúróòpù, nígbà tó sì di 1770 ó tẹ ìwé jáde pé èdè wọn àti ti Họ́ńgárì jẹ́ ọ̀kan. Ó sọ àsọdùn, nítorí kì í ṣe èdè kan náà, ṣùgbọ́n ìbátan tó rí wà lóòótọ́. Inú ọ̀pọ̀ ará ilé rẹ̀ kò dùn. Ẹni tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Attila, ọba àwọn Hun, ta ló fẹ́ gbọ́ pé apẹja lẹ̀gbọ́n òun? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ náà ní ìbátan olóròóró ẹja. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀mọ̀wé Ármin Vámbéry ṣì ń jà pé Turkic ni Họ́ńgárì bá tan, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè József Budenz sì dúró ti Finno-Ugric. Budenz ló jàre.

Ẹ̀jẹ̀ tún yàtọ̀ sí èdè. Bí wọ́n bá yẹ DNA àwọn ará Họ́ńgárì òde òní wò, àwọn aládùúgbò wọn ní àárín Yúróòpù ni wọ́n jọ jù, wọn ò jọ àwọn Khanty àti Mansi ti Siberia tí èdè wọn bá tiwọn tan. Ẹ má mú àwòrán ojú wá ṣe ẹ̀rí.

Ní ti orúkọ, ẹ ó bá Lapp, Ostyak, Vogul, Cheremis, Votyak àti Zyrian nínú ìwé àtijọ́. Sámi, Khanty, Mansi, Mari, Udmurt àti Komi ni kí ẹ kọ. Ẹ mọ ti àtijọ́ náà, torí òun ni ẹ ó fi wá ìwé náà rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi pe ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀. Wọ́n sì máa ń pe Erzya àti Moksha pọ̀ ní Mordvin bí ẹni pé èdè kan ni wọ́n ń sọ. Èdè méjì ni.

Ohun kan ṣì kù: ẹ má tètè sìnkú èdè. Kai Donner, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Fínlándì, gba èdè Kamas, tó wà nínú ẹbí Ural, sílẹ̀ ní Siberia láàárín 1912 sí 1914, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó ti kú. Àfi ìgbà tí wọ́n bá Klavdiya Plotnikova pàdé ní abúlé Abalakovo, ìyá àgbàlagbà tó ṣì ń sọ ọ́. Ago Künnap, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè láti Ẹstóníà, jókòó tì í, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí téèpù. Kò sí ẹni tí màmá náà lè bá sọ èdè náà mọ́. Ọlọ́run ló ń bá sọ ọ́ nínú àdúrà. Ọdún 1989 ni wọ́n tó sin ín.