Bí gíà ọ̀tọmátíìkì ṣe lè dùn ún wà nínú ọkọ̀ asáré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ọkọ̀ asáré ló ń pe ọ̀tọmátíìkì ní gíà ọ̀lẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ ti gíà ìpele mẹ́rin àtijọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí wọ́n sì ti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó níbi tí ọ̀tọmátíìkì ti dára ju mánúà lọ. Tọ́bò kì í sinmi nígbà tí gíà bá ń yí, torí ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí iná. Ẹsẹ̀ òsì náà ò níṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe, ó ráyè gbọ́ ti bíréèkì. Ohun méjì ló sábà máa ń ba adùn rẹ̀ jẹ́: epo gíà tó gbóná jù, àti kọ̀ǹpútà gíà tí kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Méjèèjì ló ní àtúnṣe.

Ẹ mọ irú gíà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín

Oríṣi mẹ́ta ló wà, ìwà wọn ò sì jọra.

Ti kọnfátà ló pẹ́ jù. Epo ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e fún gíà. Bí ọkọ̀ bá ń gbéra láti ojú kan, kọnfátà lè sọ tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára yíyí, di bí ìlọ́po méjì fúngbà díẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń bo àléébù tọ́bò ńlá tó ń pẹ́ kó tó jí. Gíà Subaru ìpele mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 4EAT jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpele márùn-ún inú Lancer Evolution VII GT-A tó jáde ní 2002, ZF 8HP ìpele mẹ́jọ inú BMW xDrive, àti ìpele mẹ́jọ tí Toyota fi sínú GR Yaris ní 2024.

Ẹ má kàn ka iye ìpele, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Nínú 4EAT, gíà kìíní jẹ́ 2.785 (iye ìgbà tí ọ̀pá tó wọ gíà ń yí kí èyí tó jáde tó yí lẹ́ẹ̀kan), èkejì 1.545, ẹ̀kẹta 1.000, ẹ̀kẹrin 0.694. Bí gíà kìíní bá dé 6,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kó tó bọ́ sí èkejì, ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀ sí bíi 3,600. Tọ́bò ńlá tí kì í jí títí di 4,500 á tún sùn lọ níbẹ̀, ọkọ̀ á wá dà bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń ṣe. Nínú ZF 8HP, ẹ̀kẹta jẹ́ 2.106, ẹ̀kẹrin 1.667, nítorí náà 6,500 ò ní já ju bíi 5,100 lọ. Ẹni tí gíà rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́rin, tọ́bò tó ti jí kó tó di 3,500 ni kó wá, bí agbára rẹ̀ lókè tilẹ̀ dín díẹ̀. Òun ni yóò gbádùn lójú ọ̀nà.

Oríṣi kejì ni ti kílọ́ọ̀ṣì méjì: DSG inú Audi àti Volkswagen, TC-SST inú Evolution X, PDK inú Porsche, àti gíà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ Nissan GT-R R35. Kílọ́ọ̀ṣì kan ń gbé gíà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, èkejì ti di gíà tó kàn mú. Ó yára, ó sì dáhùn sí ẹsẹ̀ bíi mánúà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí ọkọ̀ máa rákò nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á sì máa gbóná. Ẹ tún mọ òdiwọ̀n rẹ̀: bí 350 Nm (ìwọ̀n tọ́ọ̀kì) ni wọ́n ṣe DSG DQ250 fún, DQ500 sì jẹ́ 600 Nm.

Ẹ̀kẹta ni CVT, gíà tí kò ní ìpele, irú èyí tó wà nínú Subaru WRX láti ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì 2015. Fún lílọ síbi iṣẹ́, kò burú. Fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi kún agbára rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ṣéènì irin kan tó ń di ara póólì mú ló ń gbé gbogbo agbára, bó bá sì fi lè yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú póólì ti ha nìyẹn. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìdánwò kí ẹ tó náwó lé e lórí

Ẹ ṣe èyí nígbà tí ọkọ̀ tutù. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ti gíà láti N sí D. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó mú, sílì inú gíà ti le tàbí epo ti dín. Ẹ fa ọ̀pá epo yọ, bí ọkọ̀ yín bá ní i. Epo pupa tó mọ́lẹ̀ dára. Èyí tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná ń sọ fún yín pé àwo kílọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ.

Nígbà tó bá ti gbóná, ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ rọra wakọ̀ yípo ní ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá ń fò bíi kèrègbè lórí omi, tó dà bíi pé wọ́n di bíréèkì mú, kílọ́ọ̀ṣì tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn ò já mọ́. Ọ̀pọ̀ Subaru 4EAT àtijọ́ ní àyè fíúùsì kan tí wọ́n kọ FWD (kí táyà iwájú nìkan máa fà) sí nínú ibi ẹ́ńjìnnì. Ẹ ki fíúùsì bọ̀ ọ́ kí ẹ tún yípo. Bó bá ṣì ń fò, sọ́lẹ́nọ́ìdì (fáàfù oníná) ìdí rẹ̀ tàbí kílọ́ọ̀ṣì náà gan-an ló ti há. Ẹ má fi agbára kún gíà tó wà nírú ipò yìí.

Epo àti ooru

Nínú ọkọ̀ tí táyà méjì ń fà, bí agbára bá pọ̀ jù, táyà á yọ̀, wàhálà á parí síbẹ̀. Nínú èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, táyà ò yọ̀, nítorí náà inú gíà ni ohun tó máa yọ̀ wà. Yíyọ̀ yẹn, nínú kọnfátà tàbí láàárín àwo kílọ́ọ̀ṣì, ló ń di ooru.

Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ ooru sí páìpù tí epo ń gbà jáde kúrò nínú gíà. Ẹ má fi sí èyí tó ń padà láti ara kúlà tó ń mú epo tutù, irọ́ tó dùn ún gbọ́ ni yóò máa pa fún yín. Láàárín 80°C sí 95°C dára. Bó bá dé 110°C, ẹ dẹwọ́. Ní 120°C, eré ti parí: ẹ máa rọra lọ ní gíà òkè, níbi tí kọnfátà ti lè dì (kí kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà tààrà), títí ooru á fi já wálẹ̀. Bí ẹ bá ní láti dúró, ẹ fi sí N kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí pọ́ǹpù lè máa ti epo lọ sínú kúlà. Pípa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ ń jẹ́ kí epo jóná síbi tó dúró sí.

Kúlà alápò-pẹrẹsẹ tí wọ́n tò léra ló dára ju èyí tó jẹ́ ọ̀pá wíwọ́ lọ. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ tuntun ti ń kàn án, kì í ṣe ẹ̀yìn intercooler, ìyẹn kúlà afẹ́fẹ́ tọ́bò. Epo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú rédíétọ̀ kó tó dé kúlà: rédíétọ̀ á mú un gbóná láàárọ̀, á sì bu èyí tó pọ̀ jù kúrò, kúlà á wá parí iṣẹ́. Ẹ fi tẹ́mósítáàtì tó ń ṣí ní bíi 80°C sí i, torí epo tó tutù jù máa ń ki, gíà á sì máa yí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún epo gíà ni kí ẹ lò. Ti omi á wú, á sì já. Ẹ fún un ní àyè díẹ̀ láti rọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì ń mì.

Pípààrọ̀ epo ní ẹ̀tàn kan nínú. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ 4EAT, bíi lítà 4 sí 5 ló máa jáde nínú bíi 9. Ìyókù wà nínú kọnfátà àti páìpù. Ẹ wọn èyí tó jáde, ẹ da iye kan náà padà, ẹ wakọ̀ bíi kìlómítà 15 kí gíà lè gba gbogbo ìpele kọjá, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ìdá méje nínú mẹ́jọ ti di tuntun. Fún DSG DQ250, kìlómítà 60,000 ni epo àti fíltà ń lò. Ẹ máa fi kọ̀ǹpútà wo ooru rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí epo wà láàárín 35°C sí 45°C, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù ṣàn jáde ní ihò rẹ̀ kí ẹ tó dí i. Ẹni tó bá wọn ọ́n nígbà tó gbóná jù á dí i pẹ̀lú epo tí kò tó, torí epo gbígbóná ti fẹ̀. Epo tí ilé iṣẹ́ tó ṣe gíà náà sọ ni kí ẹ rà. Èyí tó kàn jọ ọ́ láwọ̀ á jẹ́ kí àwo kílọ́ọ̀ṣì gbọ̀n.

Kọ̀ǹpútà gíà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà gíà pé, “Iye tọ́ọ̀kì tí mo ń mú wá nìyí.” Iye yẹn ni gíà fi ń mọ ìfúnpá epo tí yóò fi di àwo kílọ́ọ̀ṣì mú. Bí ẹni tó ṣètò ẹ́ńjìnnì bá mú un dé 500 Nm, àmọ́ tó jẹ́ pé 350 ló ń ròyìn, ìfúnpá 350 ni gíà á lò. Àwo á yọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, títí epo á fi dúdú. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà ṣáájú bóyá ìròyìn tọ́ọ̀kì yóò jẹ́ òótọ́. Bí kò bá lóye ìbéèrè yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa gba àkọsílẹ̀ RPM ẹ́ńjìnnì, RPM ọ̀pá tó wọ gíà, ìpele tó wà, àti ooru epo. Bí kọnfátà bá ti dì, RPM méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ń pọ̀ bí ìfúnpá tọ́bò ṣe ń gòkè, kílọ́ọ̀ṣì tó ń di kọnfátà ò ká a. Bí RPM bá fò sókè láàárín ìpele méjì kó tó já, ìfúnpá ò tó nígbà ìyípadà yẹn.

Ìfúnpá náà lè pọ̀ jù. Ẹni tó gbé e sókè níbi gbogbo kí gíà lè “gbá” dáadáa á máa rí ọkọ̀ tó ń tani nípàá nínú ọjà, ṣáàfù rẹ̀ ò sì ní pẹ́. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọlẹ̀ lórí iná ló yẹ kó máa pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ dídín tọ́ọ̀kì kù nígbà tí gíà bá ń yí. Ìdákẹ́ ráńpẹ́ yẹn ló ń gba àwo kílọ́ọ̀ṣì là; ẹ lè dín àkókò rẹ̀ kù, ẹ má yọ ọ́ pátápátá.

Àtúnṣe tó ń mú adùn wá jù lọ kò náni lówó púpọ̀: kí gíà dúró síbi tí ẹ fi sí nígbà tí ẹ bá ń fi bọ́tìnnì ẹ̀yìn sítíárìn yí i, kó má dá ara rẹ̀ gbé sókè láàárín kọ́nà. Nínú gíà oníkọnfátà, ẹ rántí pé ó máa ń gba àkókò díẹ̀ kó tó dáhùn. Ní gíà kìíní, tí RPM ń sáré gòkè, ẹ tẹ bọ́tìnnì ní bíi 6,000 bí ẹ bá fẹ́ kó yí ní 6,500.

Gbígbéra àti ẹsẹ̀ òsì

Fún gbígbéra kíákíá pẹ̀lú kọnfátà: sítíárìn tààrà, ẹsẹ̀ òsì lórí bíréèkì dáadáa, ẹ gbé RPM dé bíi 2,000 sí 2,500, ẹ ju bíréèkì sílẹ̀, ẹ tẹ iná tán. Má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, nítorí gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ló ń di ooru nínú epo nígbà tí ọkọ̀ dúró. Kí epo padà sí 95°C kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ẹ má ṣe é ní gíà CVT.

Ẹsẹ̀ òsì wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú kọ́nà. Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà sábà máa ń fẹ́ lọ tààrà nígbà tí ẹ bá tẹná. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ láìgbé ọ̀tún kúrò lórí iná, imú á wúwo, iwájú á di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ á yí, tọ́bò ò sì ní sùn. Lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì á tẹ̀ ẹ́ jù, torí kílọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́. Ibi tó ṣófo ni kí ẹ ti kọ́ ọ. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ń pa iná bí wọ́n bá rí ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí ààbò. Ẹ wádìí ti yín kó tó ṣẹlẹ̀ láàárín kọ́nà.

Táyà àti dífúrẹ́ńṣà

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba. Subaru ní kí ìyàtọ̀ àyíká wọn má ju ìdámẹ́rin íńṣì lọ, èyí tó túmọ̀ sí bíi mìlímítà 1 péré ní gíga eyín táyà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì àárín á máa yọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ, kódà lójú ọ̀nà tààrà, á sì máa se epo. Bí táyà kan bá bẹ́ tí ìyókù ti jẹ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa rà.

Òfin kan náà ló wà fún ẹni tó fẹ́ gbé gíà láti ara ọkọ̀ mìíràn wá. Ìwọ̀n dífúrẹ́ńṣà (ohun tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì) iwájú tó wà nínú gíà gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn mu. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí jáàkì, ẹ ti ìdúró bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ tú ṣáàfù gígùn kúrò lára gíà, ẹ fi àmì sí i, kí ẹni méjì jọ yí táyà ẹ̀yìn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iye ìgbà tí ṣáàfù bá yí ni ìwọ̀n ẹ̀yìn. Bó bá yí ju mẹ́rin lọ díẹ̀ báyìí, 4.11 ni, bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mẹ́rin àti ààbọ̀, 4.44 ni. Bí iwájú bá sì jẹ́ 4.11 tí ẹ̀yìn jẹ́ 4.44, ẹ má sọ ọkọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi pààrọ̀ ọ̀kan.