Ìràwọ̀ tó já: ẹ má kúrò lójú kan

Ẹ̀yin ará ilé, bí ìràwọ̀ oníná (òkúta láti òfuurufú tó ń jó bó ṣe ń já bọ̀) bá já lójú ọ̀run lálẹ́, ẹ má sáré wá fóònù o. Kó tó ṣí, iná ti kú. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ fi igun òrùlé tàbí orí ọ̀pẹ sàmì ibi tó ti yọ àti ibi tó kú sí. Ẹ na ọwọ́ gbọọrọ, ẹ di ìkúùkù: ọ̀kan tó dígíríì 10, ẹ fi wọn ibi tó ga dé. Ẹ wo aago, kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ máa fetí sí ìró rẹ̀, torí ìró ń lo ìṣẹ́jú àáyá 3 lórí kìlómítà kan, iná yẹn sì sábà máa ń lé ní kìlómítà 20 lókè. (Ẹ̀yìn ilé kọ́ ló já sí, bó ti wù kó jọ ọ́.) Àmọ́ ojú ẹnì kan ò lè mọ ibi tó balẹ̀, àfi kí ará Kàbà, ará Mọ̀pà àti ará Ẹ̀gbẹ̀ pa tiwọn pọ̀.